Kókó lọ́rùn, iwú lẹ́rẹ̀kẹ́: Àwòrán MRI wo ló ń tú àṣírí èwo?

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ kókó tó bá yọ sí ènìyàn lọ́rùn, lẹ́rẹ̀kẹ́ tàbí lẹ́yìn etí ṣe máa ń rí. Èyí tí ojú ń rí lè má tóbi ju èkùrọ́ lọ, síbẹ̀ kí gbòǹgbò rẹ̀ ti dé ìsàlẹ̀ agbárí. Nígbà tí irú kókó bẹ́ẹ̀ bá kọ́kọ́ yọ, ará ilé kan á ní gẹ̀gẹ̀ ni, òmíràn á ní ṣegede ni, ẹlòmíràn á sì ní ọwọ́ ayé ló wà níbẹ̀. Kí àríyànjiyàn náà tó parí, oṣù mélòó kan ti lọ, owó àgbo àti owó kẹ́míìsì ti tán nílẹ̀, kókó náà kò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí aláìsàn bá wá dé ilé ìwòsàn ńlá, dókítà lè kọ ọ́ sínú ìwé pé kó lọ ya àwòrán MRI. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹbí á dá a jọ, ẹgbẹ́ á ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n á ya àwòrán náà, wọ́n á sì gbé e padà wá pẹ̀lú ìrètí pé gbogbo àṣírí ti tú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń gbọ́ pé àwòrán tí wọ́n yà kọ́ ló lè dáhùn ìbéèrè tí dókítà ń béèrè, pé wọ́n ní láti padà lọ ya òmíràn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé MRI kì í ṣe àwòrán kan ṣoṣo. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni inú ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n ti lè ya oríṣiríṣi àwòrán, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á máa rí ohun tí èkejì kò rí. Ní orí àti ọrùn, níbi tí egungun, ọ̀rá, iṣan, ẹ̀jẹ̀, itọ́ àti afẹ́fẹ́ ti fún pọ̀ mọ́ra, yíyan èyí tó yẹ lára wọn ló ń sọ bóyá owó náà wúlò tàbí ó ṣòfò.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

MRI kò lo irú ìtànṣán tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun tí a mọ̀ sí X-ray. Òòfà ńlá ló ń lò, ìyẹn ohun tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè ní mágínẹ́ẹ̀tì. Èyí tí agbára rẹ̀ bá jẹ́ tesla 1.5, tó wọ́pọ̀ jù lọ ní àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá, fi nǹkan bí ìlọ́po 30,000 lágbára ju òòfà inú ilẹ̀ ayé lọ.

Omi àti ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú ara ènìyàn, àwọn méjèèjì ló sì ní èròjà hydrogen nínú. Òòfà yìí á to àwọn èròjà náà sójú kan, ẹ̀rọ á wá fi ìgbì rédíò kàn wọ́n lára. Bí ìgbì náà bá dúró, àwọn èròjà á máa padà sí ipò wọn, wọ́n á sì máa dá ohùn padà. Kọ̀ǹpútà ló ń sọ ohùn náà di àwòrán. Nínú ẹ̀rọ tesla 1.5, nǹkan bíi mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 64 ni wọ́n fi ń bá ara sọ̀rọ̀, ó kàn rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí rédíò FM ti bẹ̀rẹ̀ ni.

Paul Lauterbur, ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ gbé irú àwòrán yìí jáde ní 1973. Peter Mansfield, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló sì wá ọ̀nà tí wọ́n fi lè yà á kíákíá. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2003.

Ọ̀rá àti omi kì í yára bákan náà láti padà sí ipò wọn, ẹran ara tó dá pé àti èyí tó ń ṣàìsàn náà kì í sì ṣe bákan náà. Ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo oríṣìí àwòrán tó kù dúró lé lórí.

T1 ń wo ọ̀rá, T2 ń wo omi

Àwòrán T1 àti T2 ni bàbá ìsàlẹ̀ gbogbo wọn. Nínú T1, ọ̀rá máa ń funfun, omi á dúdú, kókó tó jẹ́ àìsàn á sì dà bí eérú. Ẹni tí kò mọ̀ á ní àwòrán yìí kò fi nǹkan púpọ̀ hàn, ṣùgbọ́n àwọn dókítà tó mọ orí àti ọrùn kì í fi ṣeré rárá. Ìdí ni pé mùdùnmúdùn inú egungun ìsàlẹ̀ agbárí àgbàlagbà kún fún ọ̀rá. Bí jẹjẹrẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ihò imú, tó sì ti ń jẹ wọ inú egungun yẹn, ibi tó yẹ kó funfun nínú T1 á ti di dúdú.

Bákan náà ni àwọn ihò kéékèèké tí iṣan ń gbà jáde láti inú agbárí ṣe ní ọ̀rá tó yí wọn ká. Àwọn jẹjẹrẹ kan wà, pàápàá èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ara ti ń pọn itọ́, tó jẹ́ pé ara iṣan ni wọ́n ń rìn gẹ́gẹ́ bí ìkán ṣe ń rìn lára ògiri. Aláìsàn lè máa sọ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun kú tipiri, tàbí kí ojú rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí kókó ìta má sì tóbi rárá. T1 tí wọ́n yà láìfún aláìsàn lábẹ́rẹ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ fi hàn pé ọ̀rá inú ihò yẹn ti pòórá.

Ní ti T2, omi ló máa ń funfun báláú níbẹ̀. Ibi tó ti wúlò jù ni inú imú àti àwọn ihò egungun tó yí i ká. Bí kókó bá dí ẹnu ihò náà, ikun á kún sẹ́yìn rẹ̀. Àwòrán CT lè fi gbogbo rẹ̀ hàn bí ohun kan ṣoṣo, kí wọ́n rò pé àìsàn náà ti kún gbogbo imú. Ṣùgbọ́n nínú T2, ikun tó ní omi á funfun, kókó á dà bí eérú, oníṣẹ́ abẹ á sì mọ ibi tí ọ̀tá rẹ̀ parí sí. Àmọ́ ṣá o, ikun tó bá ti pẹ́ tó sì ti gbẹ lè dúdú nínú T2, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í wo T2 láìwo T1 pẹ̀lú.

Ìjà ọ̀rá: STIR àti Dixon

Ọ̀rá tó ń ran T1 lọ́wọ́ lè di ìdíwọ́ níbòmíràn, nítorí funfun rẹ̀ lè bo funfun àìsàn mọ́lẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà pa iná ọ̀rá.

Àkọ́kọ́ ni kí ẹ̀rọ wá ohùn ọ̀rá lọ́tọ̀, kó sì pa á lẹ́nu mọ́. Ọ̀nà yìí dára tí òòfà bá tò gún régé, ṣùgbọ́n ọrùn kì í jẹ́ kó gún. Afẹ́fẹ́ inú ọ̀fun, èjìká tó fẹ̀ àti irin tí wọ́n fi dí eyín máa ń da òòfà náà rú, ọ̀rá á kú lápá kan, á sì máa tàn lápá kejì.

Èkejì ni STIR, tí Graeme Bydder àti Ian Young gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1985. Òun kò wá ohùn ọ̀rá kiri, bí ọ̀rá ṣe ń yára padà sí ipò rẹ̀ ló ń ṣọ́, tó sì ń ya àwòrán lásìkò tí ọ̀rá kò ní ohùn kankan. Ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa lọ́rùn, ó sì ń fi àwọn kókó inú ọrùn hàn kedere. Àléébù rẹ̀ ni pé wọn kò gbọ́dọ̀ lò ó lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àwòrán, nítorí pé ohun tí abẹ́rẹ́ náà bá wọ̀ máa ń yára bí ọ̀rá, STIR á sì pa á rẹ́ pọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀kẹta ni Dixon, tí wọ́n fi orúkọ ẹni tó gbé e jáde ní 1984 pè. Ó ń ya omi sọ́tọ̀, ó ń ya ọ̀rá sọ́tọ̀, ó sì ṣeé lò ṣáájú abẹ́rẹ́ àti lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí ẹ̀rọ bá ti lágbára tó, òun ni ọ̀pọ̀ dókítà ń fẹ́ fún ọrùn.

Abẹ́rẹ́ gadolinium àti aago

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún aláìsàn kó tó parí àwòrán ní èròjà gadolinium nínú. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ sí ló ń lọ, ó sì ń mú kó funfun nínú T1. Nípa rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mọ apá tí kókó fi le, apá tó jẹ́ omi lásán àti apá tó ti kú sínú.

Bí wọ́n bá tún ń ya àwòrán léraléra bí abẹ́rẹ́ náà ṣe ń wọlé, wọ́n lè fi aago wo bí kókó ṣe ń gbà á àti bó ṣe ń dá a padà. Ní 2003, àwọn olùwádìí ní Japan gbé e jáde pé ọ̀nà yìí lè ya àwọn kókó ibi itọ́ sọ́tọ̀ síra wọn. Kókó tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀, tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, máa ń rọra gbà á, ó máa ń ju ìṣẹ́jú méjì lọ kó tó kún. Kókó Warthin, tí òun náà kì í ṣe jẹjẹrẹ, máa ń yára gbà á, á sì yára dá ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ padà. Jẹjẹrẹ náà máa ń yára gbà á, ṣùgbọ́n kì í tètè fi í sílẹ̀.

Abẹ́rẹ́ yìí ní tirẹ̀ lára. Ní 2006, àwọn dókítà rí i pé àwọn kan nínú irú rẹ̀ lè mú kí awọ ara àti oríkèé le gbagidi fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn oríṣìí tuntun kò léwu tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó yẹ kí aláìsàn sọ̀rọ̀ bí ó bá ní àìsàn kíndìnrín tàbí bí ó bá lóyún.

DWI ń wo bí omi ṣe ń rìn

Àwòrán tó ń mú orí dókítà wú jù láyé ìsinsìnyí ni èyí tí wọ́n ń pè ní DWI. Ìrìn omi láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ló ń wò. Ẹ fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Bí ọjà kò bá kún, ènìyàn á máa rìn fàlàlà. Lọ́jọ́ tí ọjà bá kún àkúnfàya, kò sẹ́ni tó lè yí ẹsẹ̀. Inú jẹjẹrẹ kún fún sẹ́ẹ̀lì bí ọjà ọdún, omi kì í rí ọ̀nà rìn níbẹ̀, ó sì máa ń hàn bí ibi tó mọ́lẹ̀ yòò. Ẹ̀rọ tún ń ṣírò ìrìn náà sí nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní ADC. Bí nọ́ńbà yìí bá kéré, omi kò rìn nìyẹn.

Nọ́ńbà yìí sábà máa ń kéré nínú jẹjẹrẹ ju nínú kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ lọ, ó sì máa ń kéré jù nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní lymphoma. Fún ẹni tó ti gba ìtọ́jú ìtànṣán, DWI lè ran dókítà lọ́wọ́ láti mọ̀ bóyá àpá ìwòsàn ló wú tàbí àìsàn ló padà dé. Wọ́n sábà máa ń dúró bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá lẹ́yìn ìtọ́jú kí wọ́n tó yà á, kí ara tó wú lè rọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n DWI náà ń ṣì ọ̀nà. Ọyún inú oówo ki, omi kì í rìn nínú rẹ̀, ó sì lè jọ jẹjẹrẹ. Kókó Warthin náà máa ń ní nọ́ńbà kékeré láìjẹ́ jẹjẹrẹ, ibẹ̀ sì ni àwòrán aago tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ti ń gbà á sílẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, irú DWI tó yára jù máa ń wọ́ kọrọkọrọ níbi tí afẹ́fẹ́ àti irin eyín bá wà, ọrùn àti etí sì kún fún wọn.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe gbé irú DWI mìíràn jáde tí kì í wọ́. Ó ń gba àkókò jù, àwòrán rẹ̀ kì í sì í dán bíi ti àkọ́kọ́, àmọ́ ó dúró síbi tó yẹ. Ó ti sọ ìtọ́jú etí di ọ̀tun. Awọ kan wà tó ń hù sínú etí tó ń ṣọyún tó sì ń rùn, tí wọ́n ń pè ní cholesteatoma, tó lè jẹ egungun etí dé ọpọlọ. Láyé ọjọ́un, bí wọ́n bá yọ ọ́ tán, wọ́n sábà máa ń tún etí náà là lẹ́yìn ọdún kan láti wò ó bóyá ó ti hù padà. Irú DWI tí kì í wọ́ yìí lè rí èyí tí kò ju mìlímítà mẹ́ta lọ, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ìgbà tí MRI kò ní ṣíwájú

Gẹ̀gẹ̀ àti ọ̀pọ̀ kókó ọrùn kò nílò MRI lákọ̀ọ́kọ́. Àwòrán ultrasound, irú èyí tí wọ́n fi ń wo aboyún, rọrùn, owó rẹ̀ kéré, dókítà sì lè tipa rẹ̀ fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ lára kókó náà lọ ṣàyẹ̀wò. Bó bá jẹ́ egungun ni ìbéèrè dá lé, CT ló yá. Ameloblastoma, kókó àgbọ̀n tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn èyí tó ń ti ìdí eyín hù ní Nàìjíríà, máa ń wú egungun bí fèrè, CT ló sì ń fi hàn jù bí egungun náà ṣe ṣẹ́kù tó.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, MRI tàbí CT gbọ́dọ̀ ṣáájú ọ̀bẹ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí imú ọ̀dọ́mọkùnrin bá ń dí, tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́, kókó angiofibroma lè wà lẹ́yìn imú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sáré gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ ṣàyẹ̀wò, ẹ̀jẹ̀ lè ya tí kò ní dá. Nínú MRI, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńláńlá inú rẹ̀ á hàn bí àmì dúdú dúdú, dókítà á sì mọ̀ pé kóun má fọwọ́ kàn án bẹ́ẹ̀.

Fún èyí tó kù, kò sí àwòrán tó lè gba iṣẹ́ ẹni tó ń yẹ ẹran ara wò lábẹ́ awò amúǹkan-tóbi. Àwòrán á sọ ibi tó wà, bó ṣe tóbi àti ohun tó ṣeé ṣe kó jẹ́. Àyẹ̀wò ẹran ara ló ń dájọ́ ìkẹyìn.

Irú ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ wa

Ìwádìí kan tí àwọn dókítà onímọ̀ àwòrán ara gbé jáde ní 2018 fi hàn pé ẹ̀rọ MRI 84 péré ló wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fún àwọn ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 370. Nàìjíríà ló ní 58 nínú wọn, ó sì lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ẹ̀rọ Nàìjíríà tó jẹ́ èyí tí òòfà wọn kò lágbára púpọ̀.

Irú àwọn ẹ̀rọ yìí ní ìwúlò tiwọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò nílò helium olómi tí wọ́n fi ń mú òòfà ńlá tutù, iná tí wọ́n ń jẹ kéré, irin eyín kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ba àwòrán wọn jẹ́. Ṣùgbọ́n àwòrán wọn máa ń pẹ́, bí aláìsàn bá sì gbé itọ́ mì tàbí tó húkọ́, ó lè bàjẹ́. Ohùn ọ̀rá àti ohùn omi tó fi nǹkan bíi hẹ́ẹ̀tì 220 jìnnà síra nínú ẹ̀rọ tesla 1.5, kì í ju bíi 45 lọ nínú ti tesla 0.3. Bíi rédíò méjì tó sún mọ́ra jù ni, ẹ̀rọ kò lè pa ọ̀kan lẹ́nu mọ́ kó má pa èkejì. Nítorí náà, STIR ni igi lẹ́yìn ọgbà fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. DWI wọn kì í sì í lágbára tó láti gbára lé fún kókó kékeré.

Ìtumọ̀ èyí ni pé T1, T2 àti STIR tí wọ́n fara balẹ̀ yà nínú ẹ̀rọ kékeré lè dáhùn ọ̀pọ̀ ìbéèrè nípa ibi tí kókó dé. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ohun tí dókítà fẹ́ mọ̀ ni bóyá cholesteatoma ti hù padà, tàbí bóyá jẹjẹrẹ ti padà sábẹ́ àpá ìtànṣán, ó sàn kí aláìsàn fi owó rẹ̀ wá ẹ̀rọ tó lágbára lẹ́ẹ̀kan náà ju kó yà á lẹ́ẹ̀mejì lọ.

Kí aláìsàn tó wọlé

Òòfà kò mọ ọlọ́lá. Ní 2001, ọmọ ọdún mẹ́fà kan kú ní ilé ìwòsàn kan ní ìpínlẹ̀ New York nígbà tí òòfà MRI fa agolo irin tó kún fún afẹ́fẹ́ oxygen, tó sì gbá a lórí. Nítorí náà, píìnì gèlè, irin tí wọ́n fi ń de irun àtọwọ́dá, ẹ̀gbà, kọ́kọ́rọ́, eyín àtọwọ́dá tó ní irin àti oǹdè tó ní irin nínú, ìta ni kí gbogbo wọn wà. Ẹni tí ọta ìbọn ọdẹ bá ṣì wà lára rẹ̀, tàbí tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn tàbí sínú etí, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ láìfi nǹkan pa mọ́.

Ariwo ẹ̀rọ náà pọ̀, ó sì lè gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Ẹni tí wọ́n ń ya ọrùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbìyànjú kó má sọ̀rọ̀, kó má sì máa gbé itọ́ mì léraléra. Wọ́n lè fún ọmọdé lóògùn oorun.

Ohun tó kù wà lọ́wọ́ aláìsàn àti àwọn ẹbí rẹ̀. Kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà pé kí ni àwòrán yìí fẹ́ dáhùn. Kí wọ́n rí i pé ìbéèrè náà wà nínú ìwé tí wọ́n ń mú lọ, pẹ̀lú ibi tí kókó wà, ìgbà tó yọ àti iṣẹ́ abẹ tàbí ìtànṣán tí wọ́n ti ṣe rí. Ìwé tí wọ́n kàn kọ "MRI ọrùn" sí lásán kò lè sọ fún oníṣẹ́ ẹ̀rọ bóyá DWI tàbí àwòrán aago ló yẹ kó yà. Kí wọ́n béèrè níbi ẹ̀rọ bí òòfà wọn ṣe lágbára tó àti bóyá wọ́n lè ya irú àwòrán tí dókítà fẹ́. Kí wọ́n sì gba gbogbo àwòrán náà sínú ike CD, nítorí pé èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí fíìmù kì í tó gbogbo ohun tí ẹ̀rọ rí.

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kókó tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́rùn láìrọlẹ̀, egbò ẹnu tí kò san, ohùn tó há láìṣí òtútù tàbí imú tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lápá kan ṣoṣo, ọ̀dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, kí oníkálùkù tètè fi ojú tirẹ̀ ṣọ́ ọrùn pẹ̀lú.